Kóńgò Wo La Fi Ń Wọn Ìrètí Òbí?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá iléèwé, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lọ kó ara yín jọ sẹ́yìn pátápátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ tètè sá, ẹ̀yin náà, ẹ kú àfaradà. Mo mọ̀ pé òbí ló wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín wá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní kan ọ̀tún, ó kan òsì.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ṣe é tí kò fi ní já òbí rẹ̀ kulẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹ̀yin òbí ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá dé ọjà láti ra ẹ̀wà, kí lẹ kọ́kọ́ ń wò? Kóńgò ni! Ẹ ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ẹ ó wo bí ìyá ẹlẹ́wà ṣe ń rọ ọ́, bóyá ó kún, bóyá ó lórí. Kò sí ẹni tí yóò na owó síwájú tí yóò ní, "Ẹ ṣáà bu ẹ̀wà tó pọ̀ dáadáa fún mi." Ó dáa. Nígbà tí ẹ wá ń sọ fún ọmọ yín pé, "Ṣáà ṣe dáadáa o, má dójú tì mí," kóńgò wo lẹ gbé sílẹ̀? Báwo lọmọ yóò ṣe mọ̀ pé ó ti kún?

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ìrètí tí kò ní ìwọ̀n kì í kún. Ọmọ mú ipò karùn-ún wálé, wọ́n ní kò tó. Ó mú ipò kejì wálé, wọ́n bi í pé, "Ẹni tó mú ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí.

Níbo ni ìrètí náà ti wá?

Ká tó dá òbí lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn díẹ̀. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams, ẹni tí ìran rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà wá, di lọ́yà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni orúkọ lọ́yà àti dókítà ti ń dún bí agogo létí wa. Nígbà tó wá di oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ì bá máa ṣá kòkó lóko wọ kíláàsì. Láàárín ìran kan péré, ẹbí tí kò ní ju ilẹ̀ oko lọ rí i pé ìwé lè sọ ọmọ di ọ̀gá. Ta ló rí irú ìyẹn tí kò ní retí?

Nítorí náà, bí bàbá bá dá àjọ, tó tún yá owó kọpuratífù, bí ìyá bá tú ìdì aṣọ rẹ̀ tà kí owó iléèwé lè pé, ìrètí tó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe ìkà. Owó náà ń wojú ọmọ ni. Bí ọmọ ọ̀hún bá wá jẹ́ àkọ́bí, ẹrù di méjì lórí rẹ̀: wọ́n ń retí pé kó yege, wọ́n sì ń retí pé òun ni yóò fa àwọn àbúrò lọ́wọ́ gòkè. Ẹ̀yin àkọ́bí tó wà níbí, mo rí i bí ẹ ṣe ń mi orí.

Ọ̀rọ̀ kìíní: SS1 ni ọ̀nà ti ń yà

Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n máa ń dúró di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe. Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀nà ti yà láti SS1. Bí ọmọ bá fẹ́ ka Medísìn, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò fi kún èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú UTME, ìyẹn ìdánwò àṣewọlé fásitì tí JAMB ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ ka Lọ́ọ̀, kò gbọdọ̀ ṣaláìní Lítíréṣọ̀. Ẹ kò lè fi ọmọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó máa ka Gọ́fúmẹ́ǹtì, kí ẹ wá jí lọ́jọ́ kan kí ẹ ní dókítà ni ẹ fẹ́. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Nítorí náà, ìparí JSS3 ni ìjókòó àkọ́kọ́.

Báwo lẹ ó ṣe jókòó náà? Ẹ mú ìwé kan. Kí òbí kọ iṣẹ́ tó wù ú sílẹ̀. Kí ọmọ kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ wá ìkẹta tó wà láàárín. Bí ìyá bá ń fẹ́ dókítà, tí ọmọ fẹ́ràn Bàọ́lọ́jì ṣùgbọ́n tí kò lè wo ẹ̀jẹ̀, Fàmásì wà ńbẹ̀. Bí bàbá bá ń fẹ́ ẹnjiníà, tó jẹ́ pé yíya àwòrán ilé ló wà lọ́wọ́ ọmọ, Architecture wà ńbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ fi ìwé yẹn pa mọ́, ẹ óò tún un wò ní SS2, nígbà tí èsì ìdánwò mélòó kan bá ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lórí JAMB fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí òbí tó ń fi kóńgò tí kò tọ́ wọn ọmọ. Ìbéèrè 180 ló wà nínú UTME: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì ni. Ẹ pín in: ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ló kan ìbéèrè kan. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni ìkọ̀ọ̀kan gbé, nítorí náà ìbéèrè Físíìsì kan tó 2.5, ti Gẹ̀ẹ́sì kan kò tó 2. Ọmọ tó bá fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó ti àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ń sáré ka Kẹ́mísírì níparí, ibi tí máàkì ti wọ́n ló ti ná àkókò rẹ̀.

Wàyí o, òbí á ní, "Mo fẹ́ 300!" Wọ́n á pariwo 300 títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn fásitì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín máàkì post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, wọ́n á wá ro ó pọ̀. Ọmọ tó gba 280 ní JAMB ti ní 35. Bó bá gba 300, ó di 37.5. Gbogbo ariwo yẹn, máàkì méjì ààbọ̀ ló fi kún un! Ṣùgbọ́n bó bá ti 60 bọ́ sí 70 nínú post-UTME, máàkì márùn-ún ló jèrè. Kí ló dé tí ọmọ fi ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àfikún fún JAMB fún oṣù mẹ́sàn-án, tí a kì í fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré pèsè rẹ̀ fún post-UTME? Ẹ wádìí bí fásitì tí ẹ yàn ṣe ń ṣírò tirẹ̀, nítorí wọn kò bára wọn dọ́gba, kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó fi agbára sí.

Ọ̀rọ̀ kejì: CGPA kò mọ ẹkún, ìṣirò ló mọ̀

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí jù nìyí, ẹ forí jì mí. CGPA ni òṣùwọ̀n àpapọ̀ èsì akẹ́kọ̀ọ́ ní fásitì. Ẹ̀yin òbí, "First class ni mo fẹ́" ti di ọ̀rọ̀ àdúrà lẹ́nu yín. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà kí a tó máa gbàdúrà fún òrùlé rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa tó ń lo òṣùwọ̀n 5, A, ìyẹn 70 sókè, jẹ́ 5. B, láti 60 dé 69, jẹ́ 4. C, láti 50 dé 59, jẹ́ 3. D, láti 45 dé 49, jẹ́ 2. F kò ní nǹkan kan. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní yúníìtì tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe wúwo tó nínú ìṣirò. Ẹ fi yúníìtì lu pọ́ìǹtì, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi àpapọ̀ yúníìtì pín in. Ó parí. First class, ìyẹn ipò oyè tó ga jù, bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, two-one tó tẹ̀ lé e láti 3.50, two-two láti 2.40.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé kọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. B nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́rin fún ọ ní 16. A nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì méjì fún ọ ní 10. Síbẹ̀, ẹ ó rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀sì kékeré nítorí pé ó dùn ún kà, tó ń sá fún èyí tó le, tó sì jẹ́ pé èyí tó le yẹn ló gbé yúníìtì. Ọ̀sẹ̀ kìíní sẹ̀mẹ́sítà ni kí o ti to kọ́ọ̀sì rẹ láti orí èyí tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀ jù. Bí o ṣe tò wọ́n yẹn náà ni kí o pín wákàtí ìwé kíkà rẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àlàbá. Ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì rẹ̀, yúníìtì 40 lọ́dún kan, 160 lápapọ̀. Àlàbá dé 100 level. Ilé tuntun, ọ̀rẹ́ tuntun, kò sí ẹni tó ń jí i. Ó ṣe ọdún náà tán pẹ̀lú 2.80. Fi 40 lu 2.80: ó ní pọ́ìǹtì 112. Bàbá rẹ̀ ní, "Kò burú, tún un ṣe, first class ni mo ṣì ń retí."

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. First class ń fẹ́ 4.50 lọ́nà 160, ìyẹn 720. Yúníìtì tó kù sílẹ̀ fún Àlàbá jẹ́ 120. Bó bá gba A nínú gbogbo wọn, láìsí B kan ṣoṣo, 600 ni. Ẹ fi 112 kún un: 712. Ó ku mẹ́jọ! 4.45 ni yóò parí sí. Ṣé ẹ ti rí i? Láti ọjọ́ tí èsì ọdún kìíní ti jáde ni ìlẹ̀kùn yẹn ti tì. Bàbá ń retí ohun tí kò sí mọ́, ọmọ ń sáré lé e fún ọdún mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó mú bírò ṣírò rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì. Two-one ń fẹ́ 560. Yọ 112 kúrò, ó ku 448. Bí Àlàbá bá gba B nínú yúníìtì 88, tó gba C nínú 32, ó ti dé ibẹ̀ géérégé. Ọmọ tí wọ́n ní kó gba A ní gbogbo kọ́ọ̀sì yóò bọ́hùn. Ọmọ tí wọ́n fi hàn pé B ló pọ̀ jù nínú ohun tí òun nílò yóò mí kanlẹ̀, yóò sì jókòó ti ìwé. Ọmọ kan náà ni o. Kóńgò la pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: 100 level ló rọrùn jù láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹni, nítorí pé ó dà bí eré. Àwọn ìdánwò kéékèèké tó ń gbé 30 tàbí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má fojú di wọ́n. Ẹni tó gba 12 nínú 40, bó bá ń wá A, 58 nínú 60 ló gbọ́dọ̀ gbà nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tó gba 32 ń wá 38 péré. Àwọn méjèèjì wọ gbọ̀ngàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gun òkè dé ìdajì.

Kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí ènìyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, òun náà ńkọ́? Ìdí tó fi burú kì í ṣe ìtìjú. Kọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ kì í padà wá àfi ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ fásitì kì í sì gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún ju yúníìtì 24 lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Bí kọ́ọ̀sì 200 level rẹ bá jẹ́ 20, tí o ní kárí-ófà oníyúníìtì mẹ́rin kan, ó ti kún. Bó bá jẹ́ méjì, o ní láti fi kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀, èyí tí o fi sílẹ̀ yẹn yóò sì tún ti òmíràn. Bí ọdún karùn-ún ṣe ń yọ́ wọ kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin nìyẹn. Lọ rí level adviser rẹ, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ ìpele yín sọ́nà, ní ọ̀sẹ̀ tí iléèwé wọlé, kó bá ọ to èyí tí wàá kọ́kọ́ mú. Má dúró di ọjọ́ tí pọ́tàlì ń tì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún òbí tí ọmọ wọn ń ka Medísìn: wọn kì í fún ènìyàn ní first class ní MBBS, ìyẹn oyè Medísìn. 50 ni wọ́n fi ń yege nínú àwọn ìdánwò ńlá wọn, distinction sì wà fún ẹni tó ta yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa béèrè ohun tí wọn kì í tà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kẹta: nígbà tó bá ti bàjẹ́

Gbogbo ibi kún fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ báyìí. Ó yé mi.

Èsì jáde, kò dára. Kí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe? Wọ́n á ní pọ́tàlì kò ṣí. Wọ́n á ní àwọn olùkọ́ ń da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn, èyí ló jẹ́ kí irọ́ náà rọrùn. Ọdún kejì, wọ́n á ní àwọn wà ní 3.8. Ọdún kẹta, ẹnì kan á bá wọn fi kọ̀ǹpútà tún èsì kọ. Ọdún kẹrin, ìyá ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti fún alásè lówó, orúkọ ọmọ kò sí nínú ìwé ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí àgọ́ NYSC. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kì í tilẹ̀ ń pé ogún. Mẹ́rin ni.

Ẹ wo ohun tí irọ́ yẹn gbà lọ. Nígbà tí Àlàbá wà ní 2.80, ìyípadà ṣì ṣeé ṣe. Ó lè tọrọ àyè láti lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ó lè wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ìdákẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo ọ̀nà wọ̀nyẹn ti dí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tí èsì jáde gan-an ni kí o sọ ọ́.

Báwo ni wàá ṣe sọ ọ́? Má sọ ọ́ lórí fóònù bó bá ṣeé ṣe kí o wálé. Má sọ ọ́ nígbà tí dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí ebi ń pa wọ́n. Bí o bá mọ̀ pé inú wọn máa ń gbóná, wá alágbàwí: àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá, ẹni tí wọn kì í já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Sọ fún onítọ̀hún lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ jọ wọlé lọ́jọ́ kejì. Alágbàwí kì í ṣe agbẹnusọ o. Ìwọ ni wàá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Tiwọn ni láti jókòó tì ọ́.

Mú ìwé mẹ́ta lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni èsì náà gan-an, tí o tẹ̀ jáde láti orí pọ́tàlì. Ìkejì ni ìṣirò: ohun tí o ní, ohun tó kù, ibi gíga jù lọ tí o ṣì lè dé. Ìkẹta ni ohun tí wàá ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yín. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èsì mi ti jáde, kò dára. 2.80 ni. Mi ò fi àkókò sí i bó ṣe yẹ. First class kò ṣeé ṣe mọ́, ṣùgbọ́n two-one ṣì ṣeé ṣe, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí." Kí o wá dákẹ́. Wọ́n lè pariwo. Jẹ́ kí wọ́n pariwo. Má dá olùkọ́ lẹ́bi, má dá ẹlẹ́gbẹ́ inú yàrá lẹ́bi, kódà bí wọ́n bá jẹ̀bi díẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà fún ìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ló kù. Ọmọ tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ 2.80, tí ẹ gba fóònù rẹ̀, tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn àbúrò, ẹ rò pé yóò jẹ́wọ́ nígbà kejì? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé kẹta yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kà á.

Nígbà tí ara bá ń ké

Ní 1960, dókítà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Wọ́n ń pè é ní brain fag. Orí á máa gbóná, á dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú á máa ṣú, ènìyàn á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò ní yé e. Èyí ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kì í ṣe àwọn ọmọ fóònù ló dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí kò gbé ìpè yín mọ́, ẹ má kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ. Ilé ìwòsàn fásitì wà, àwọn olùgbaninímọ̀ràn wà níbẹ̀. Bó bá wá sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ikú sàn ju èsì yìí lọ, ẹ má ní eré ló ń ṣe. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé orúkọ Àrò ń dẹ́rù bani. A ti fi bú ara wa títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ àti ẹni tí ìbànújẹ́ mú náà máa ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì máa ń padà sí kíláàsì.

Kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí

Kí n tó jókòó: ẹ yé fi ọmọ aládùúgbò wọn ọmọ yín. Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú nìyẹn. Ẹ kò mọ kọ́ọ̀sì tó ń kà, ẹ kò mọ òṣùwọ̀n fásitì rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Bí ọmọ bá délé ní òpin sẹ̀mẹ́sítà yìí, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé mélòó ló ní. Ẹ bi í pé kọ́ọ̀sì wo ló gbé yúníìtì jù, àti báwo ló ṣe ṣe é. Ẹ bi í pé èwo ló le, ta ló ń kọ́ ọ. Bó bá dáhùn, èsì yóò tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta lókè. Màmá tó wọ àdìrẹ yẹn ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹ bá mi gbé maikirofóònù fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀yin ló kàn lẹ́yìn wọn. Ẹ má tíì sá lọ o.